Orí Kẹfà: Ariwo Dé, Ọ̀rọ̀ Ò Dé

Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ aṣọ ṣì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ní Ìsọlọ̀, ohùn kì í jìnnà nínú ilé ìkẹ́rùsí wọn. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ láàárín ìdì aṣọ tí wọ́n tò kan àjà, ìtòsí ẹnu rẹ̀ ni ohùn náà ń kú sí, nítorí aṣọ a máa mu ìró. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ náà kógbá wọlé. Aswani tó lórúkọ nídìí aṣọ híhun di orúkọ ọjà tí wọ́n ń ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn onílé ń wá ẹni tí yóò háyà gbọ̀ngàn ńlá, ìjọ Ọlọ́run náà sì ń wá gbọ̀ngàn ńlá tí kò ní òpó púpọ̀ láàárín. Ọ̀rọ̀ wọ̀. Ẹni tó bá gba òpópónà Òṣòdì sí Àpápá lónìí yóò rí pátákó sọ́ọ̀ṣì lára ilé tó jẹ́ pé ẹ̀rọ àti ẹrù ni wọ́n kọ́ ọ fún. Aṣọ ti kúrò níbẹ̀. Ògiri sìmẹ́ǹtì, òrùlé páànù àti ilẹ̀ táìlì ló kù.

Bí àwọn ará ẹ̀yìn bá wá ń ráhùn pé àwọn ò gbọ́ ìwàásù, ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọ kọ́kọ́ ń ṣe ni kí wọ́n dáwó, kí wọ́n rán ẹnì kan lọ sí ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, kó lọ ra sípíkà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n á gbé e dé, wọ́n á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àwọn tó jókòó níwájú á máa fi ọwọ́ di etí, àwọn ará ẹ̀yìn ò sì ní gbọ́ ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀bi kì í ṣe ti sípíkà náà.

Ìró kì í ṣe nǹkan mìíràn ju afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n lọ. Sípíkà ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn. Ìtì àti ìfà yìí ń rìn ní nǹkan bí mítà 350 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú ooru Èkó. Bó ṣe ń tàn kálẹ̀ ló ń fẹ́lẹ́. Ní gbangba, bí ẹnì kan bá jìnnà sí sípíkà ní ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì 6 ni yóò dín nínú ohun tó ń gbọ́. Bí ìró bá jẹ́ dẹ́síbẹ̀lì 100 ní mítà 1, yóò di 94 ní mítà 2, 88 ní mítà 4, 82 ní mítà 8, 76 ní mítà 16. Òṣùwọ̀n náà sì ní ẹ̀tàn nínú fún ẹni tó ń náwó. Kí etí tó lè sọ pé ìró ti di ìlọ́po méjì, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí dẹ́síbẹ̀lì 10 gòkè, ampílífáyà yóò sì lo ìlọ́po mẹ́wàá agbára kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ìjọ tó pààrọ̀ ampílífáyà wáàtì 500 sí 1,000, dẹ́síbẹ̀lì 3 péré ló rà bọ̀ láti Alábà.

Nínú ilé, ọ̀rọ̀ tún gba ibòmíràn yọ. Ìró tó kọlu ògiri, tó kọlu àjà, tó sì padà, kì í fẹ́lẹ́ bíi ti èyí tó wá tààrà. Ó ń kún inú gbọ̀ngàn náà bákan náà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹni tó jókòó sí ìlà àga kẹta, ìró tó wá tààrà láti ẹnu sípíkà ló borí létí rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìró tí ògiri dá padà ló ń gbọ́ jù. Bí wọ́n bá yí sípíkà sókè, méjèèjì jọ ń gòkè ni, kò sì sí èyí tó máa fi èkejì sílẹ̀. Ibi tí owó ìjọ ń wọ̀ sí nìyẹn.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìṣirò tú àdììtú yìí ni Wallace Clement Sabine, ọ̀dọ́ olùkọ́ físíìsì ní Yunifásítì Harvard nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1895, wọ́n ní kó wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ilé tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Fogg. Gbọ̀ngàn náà burú débi pé ọ̀rọ̀ kan tí olùkọ́ bá sọ yóò máa rìn káàkiri fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún àti ààbọ̀ kó tó kú, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá mìíràn á sì ti gùn ún lórí. Òru ni Sabine fi ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ìgboro bá ti dákẹ́. Ó kó tìmùtìmù àga láti Sanders Theatre tó wà nítòsí, ó ń tò wọ́n sínú Fogg díẹ̀díẹ̀, ó ń fun fèrè dùùrù, ó ń fi aago wọn bí ìró ṣe ń pẹ́ tó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kó tìmùtìmù padà sáyè wọn. Ohun tó fi ọdún mẹ́ta wá kò ju pé bí inú ilé bá ṣe fẹ̀ tó ni ìró ń pẹ́ tó nínú rẹ̀, bí nǹkan rírọ̀ bá sì ṣe pọ̀ níbẹ̀ tó ni ìró ṣe ń tètè kú. Ara ènìyàn àti aṣọ tó wọ̀ wà lára nǹkan rírọ̀ yẹn.

Ká fi ìlànà rẹ̀ wo gbọ̀ngàn kan tó gùn ní mítà 30, tó fẹ̀ ní mítà 12, tó ga ní mítà 5. Bí ògiri rẹ̀ bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rẹ́ dán, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìlì, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ìró yóò máa rá pálá nínú rẹ̀ fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà. Bí ènìyàn 250 bá wọlé jókòó, yóò já wá sí nǹkan bí 1.8. Ìwàásù sì fẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣirò kékeré yìí ló ṣàlàyé wàhálà tí gbogbo ẹ̀ka tẹ́kíníkà mọ̀: lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin ń fi orin kọ́ra, wọ́n á yí gbogbo bọ́tìnnì míkísà títí tó fi máa dùn, lọ́jọ́ Àìkú, ohun gbogbo á dàrú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan míkísà lóru. Ilé tí wọ́n tún ohùn ṣe fún lánàá kọ́ ni ilé tí wọ́n wà nínú rẹ̀ lónìí, nítorí èèyàn ti dé.

Ohun tí irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ nílò ni nǹkan tó nípọn tó sì rọ̀ lára ògiri ẹ̀yìn àti lára àjà. Bí wọ́n bá fi ohun tó ń mu ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìró bo mítà 100 níbùú-lóòró lára ògiri, 1.8 yẹn á wá sí bí 1.2. Kọ́tìnì tó wúwo, tí wọ́n ká ní ìṣẹ́po dáadáa, náà ń ṣe gudugudu méje, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Aswani sì ni kéèyàn lọ bá àwọn aláṣọ dúnàádúrà. Kíréètì ẹyin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kiri ní tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì gbà pé ó ń pa ariwo, kò ju ẹ̀ṣọ́ lọ. Pépà rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù láti mu ìró tó nípọn.

Kí ló ń sọnù gan-an nínú ọ̀rọ̀ tí ògiri bá dàrú? Fáwẹ́lì ló gbé ọ̀pọ̀ agbára ohùn, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sì wà lórí wọn. Ìwọ̀nyí kì í tètè sọnù. Kọ́ńsónáǹtì ni aláìlera: s, ṣ, f, t àti k kì í pẹ́ lẹ́nu rárá, agbára wọn kéré, òkè Hertz 2,000 ni púpọ̀ nínú wọn sì wà. Ìrù fáwẹ́lì tó ṣáájú wọn, tó ṣì ń rá kiri nínú gbọ̀ngàn, ló ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn wá ń gbọ́ orin inú ọ̀rọ̀ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn onídùndún ti mọ èyí kí físíìsì tó dé. Ohùn nìkan ni ìlù ń sọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ̀ mọ́ oríkì àti òwe tí olúkúlùkù ti mọ̀, kí etí lè fi ìmọ̀ dí ohun tí ìlù ò lè sọ. Oníwàásù kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bó bá ka Sáàmù 23, gbogbo ìjọ á sọ pé sáùǹdì dára. Bó bá dórí ìfilọ̀, tó ń pe nọ́ńbà fóònù tàbí àdírẹ́sì ilé tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìkómọ, àwọn ará ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé, "Kí ni wọ́n wí?" Ẹni tó bá fẹ́ dán sọ́ọ̀ṣì wò, ìgbà ìfilọ̀ ni kó lọ jókòó sẹ́yìn.

Àwọn ìsọjí àtijọ́ kì í ní ìṣòro yìí, nítorí gbangba kò ní ògiri. Lọ́dún 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wàásù l'Ókè-Ooye ní Iléṣà, tí èrò ń wọ́ tọ̀ ọ́ láti ìlú dé ìlú, agogo ọwọ́ àti ohùn ara rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ̀rọ fi dé: ohùn tí wọ́n fi wáyà gbé ti wà l'Ékòó nígbà tí ọdún 1935 parí, nítorí ọdún yẹn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ìròyìn BBC wọ ilé àwọn tó sanwó, nínú àpótí tí àwọn èèyàn sọ ní asọ̀rọ̀-mágbèsì. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní tiwọn, Ààrẹ Woodrow Wilson ti fi sípíkà Magnavox bá nǹkan bí 50,000 ènìyàn sọ̀rọ̀ ní San Diego ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919.

Máìkì ni ibi tí àtúnṣe ti dín owó jù. Òfin dẹ́síbẹ̀lì 6 yẹn kan ẹnu àti máìkì náà. Ẹni tó gbé máìkì kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, tó tún gbé e dé 20, ti pàdánù dẹ́síbẹ̀lì 12, ẹni tó wà nídìí míkísà á sì yí i sókè láti dí i. Ibẹ̀ ni máìkì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ìró jáde lẹ́nu sípíkà, ó wọ máìkì, ó gba ampílífáyà kọjá, ó tún jáde pẹ̀lú agbára tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó tún wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ó ti yí po lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì di igbe "fíìì" tí gbogbo ìjọ fi ń ṣẹ́jú. Søren Larsen ará Denmark ló ṣe ìwádìí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sì fi ń pe igbe náà títí dòní. Kì í ṣe Èṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti bá a wí ní ọ̀pọ̀ sọ́ọ̀ṣì.

Iye máìkì tó wà ní títàn náà ń dá kún un. Nígbàkígbà tí iye wọn bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì 3 ni ìjọ ń pàdánù nínú bí wọ́n ṣe lè yí sípíkà sókè tó kí igbe tó bẹ̀rẹ̀. Máìkì akọrin méje tí wọ́n gbàgbé sí títàn pẹ̀lú ti pásítọ̀ nígbà tó ń wàásù ti jẹ dẹ́síbẹ̀lì 9 dànù, agbára ampílífáyà ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni pípa wọ́n. Bọ́yá ìyẹn ló fà á tí ẹnikẹ́ni kì í fi kà á sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń di máìkì mú. Shure SM58, tó jáde lọ́dún 1966, ló gbajúmọ̀ jù nínú máìkì ọwọ́, ayédèrú rẹ̀ sì kún ọjà. Wọ́n ṣe é kó máa gbọ́ iwájú, kó sì di etí sí ẹ̀yìn. Àwọn ihò tó wà lábẹ́ orí onírin rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Olórin tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máìkì, nítorí ó ti rí i lọ́wọ́ àwọn gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ti dí àwọn ihò náà. Máìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ibi gbogbo, sípíkà náà wà nínú ibi gbogbo yẹn. Àwọn máìkì kéékèèké tí pásítọ̀ ń fi há etí tàbí kọ́ sára aṣọ ní ìtàn mìíràn. Gerhard Sessler àti James West, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ló ṣe irú wọn ní Bell Labs lọ́dún 1962, ọ̀nà wọn sì ni wọ́n gbà ṣe máìkì fóònù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó bá ń gbọ́ "hùnnn" nísàlẹ̀ gbogbo ìwàásù, iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀ ló ń gbọ́. Iná tiwa ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí míkísà àti ampílífáyà bá gba iná láti ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ilẹ̀ iná wọn kò dọ́gba, ìyàtọ̀ yẹn á gba wáyà wọlé di ìró. Kí wọ́n gba iná láti ojú kan náà. Ariwo "dídì-dídì-dídì" tí sípíkà máa ń ṣe kí ìpè tó wọlé sórí fóònù, GSM ló mú un dé lọ́dún 2001: fóònù náà ń bá òpó sọ̀rọ̀ ní ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wáyà tí kò ní ìbora tó dára sì ń gbọ́ wọn.

Gbọ̀ngàn tó gùn nílò sípíkà kéékèèké ní àárín, kì í ṣe òkè sípíkà níwájú. Ṣùgbọ́n ìró inú wáyà ń yára ju ti inú afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Ẹni tó wà ní mítà 15 sí pẹpẹ yóò gbọ́ sípíkà tó wà lókè orí rẹ̀ ná, kí ti iwájú tó dé ní nǹkan bí ìdá 43 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn náà. Helmut Haas ará Jámánì fi hàn lọ́dún 1949 pé bí àlàfo náà kò bá ju bí 30 tàbí 40 lọ, etí á pa méjèèjì pọ̀ sí ọ̀kan, á sì gbà pé ibi tí èyí àkọ́kọ́ ti wá ni ohùn ti ń bọ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọ̀rọ̀ á di méjì-méjì. Nítorí náà, wọ́n ń dá sípíkà àárín yẹn dúró díẹ̀, kí ti iwájú kọ́kọ́ dé. Gbọ̀ngàn ìjọsìn Faith Tabernacle ní Ọ̀tà, tó gba 50,000 ènìyàn láti ọdún 1999, kò lè ṣe é ṣe láìsí ọgbọ́n yìí; ìsọjí oníwàásù Reinhard Bonnke l'Ékòó ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, níbi tí àwọn tó ṣètò rẹ̀ ti ka èrò tó lé ní mílíọ̀nù kan lálẹ́ ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹni tó bá wà ní mítà 350 sí pẹpẹ, ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko ni ohùn fi ń rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Míkísà bíi Behringer X32, tó jáde ní 2012, ń ṣe ìdádúró yìí fúnra rẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n fi okùn wọn ilé.

Àwọn ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń tò sí iwájú, lẹ́nu sípíkà gan-an. NIOSH, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbà pé etí lè fara da dẹ́síbẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́. Pẹ̀lú dẹ́síbẹ̀lì 3 kọ̀ọ̀kan tó bá gùn ún, àkókò náà ń dín sí ìdajì: 88 fún wákàtí 4, 94 fún wákàtí kan, 100 fún ìṣẹ́jú 15. Orin ìyìn àti ijó ọpẹ́ máa ń ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Nǹkan bí 15,000 irun kéékèèké ló wà nínú etí inú kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá kú nínú wọn kì í hù mọ́, àwọn tó ń gbọ́ ìró tín-ín-rín ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Lára ìró tín-ín-rín yẹn ni s àti f wà. Lọ́dún 2022, àjọ ìlera àgbáyé WHO ní kí ibi ìgbafẹ́ orin má ṣe jẹ́ kí ìpíndọ́gba ìró ju dẹ́síbẹ̀lì 100 lọ. Ilé ijó tàbí sọ́ọ̀ṣì, etí kan náà ni.

Ti aládùúgbò ńkọ́? Bàsì onígbọ̀nrìrì 50 nínú ìṣẹ́jú-àáyá gùn tó mítà 7. Páànù àti búlọ́ọ̀kù lásán kì í dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sùn ní Máfolúkù tàbí Àjàó, tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń yọ lẹ́nu lọ́sàn-án, fi ń gbọ́ gbogbo ìlù ìṣọ́ òru láìgbọ́ ẹsẹ Bíbélì kan. Sípíkà onífèrè tí wọ́n ń kọ́ sórí òrùlé ní tirẹ̀ ń ṣe òdìkejì: ẹnu rẹ̀ tó là gbàràgàdà ń ran irin kékeré inú rẹ̀ lọ́wọ́ láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀, ó sì ń rán ohùn lọ jìnnà sí yàrá ẹni tí kò bá wọn wá. Òfin àpapọ̀ ti NESREA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Nàìjíríà, tó jáde ní 2009, fi dẹ́síbẹ̀lì 50 sí agbègbè ilé gbígbé lọ́sàn-án, 35 lóru. LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà l'Ékòó, wọ́n sì ti àádọ́rin sọ́ọ̀ṣì, ogún mọ́ṣáláṣí àti hòtẹ́ẹ̀lì òun ilé ọtí mọ́kànlá pa lọ́dún 2016. Ọ̀pọ̀ sọ́ọ̀ṣì náà ló lè ti bọ́ lọ́wọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn ká ní wọ́n yí ojú sípíkà wálẹ̀ sí ìjọ, tí wọ́n sì dín bàsì kù.

Lẹ́yìn náà ni kòrónà dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba Èkó fòfin de ìpéjọ tó ju 50 ènìyàn lọ, ilé ìjọsìn kò sì ṣí padà àfi ní oṣù Kẹjọ. Sọ́ọ̀ṣì tí kò ní kámẹ́rà rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù gbé ìsìn sórí Facebook àti YouTube. Nígbà tí àwọn tó ní míkísà gba wáyà láti ara rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní London àti Houston ránṣẹ́ pé ìlù ti sọnù, pé ohùn pásítọ̀ sì gbẹ bí ẹni tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Òótọ́ ni. Ìlù ń ké fúnra rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, nítorí náà ẹni tó wà nídìí míkísà kì í fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sí sípíkà, ohun tó sì kéré nínú míkísà ló ń kéré lórí afẹ́fẹ́. Míkísà náà kò gbọ́ ògiri, kò gbọ́ "Àmín" ìjọ. Àwọn tó rí ọgbọ́n rẹ̀ dá ń ya ìró íntánẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ sí ti gbọ̀ngàn lórí míkísà kan náà, wọ́n ń kọ́ máìkì méjì sókè orí èrò láti mú ariwo ilé wọlé díẹ̀, wọ́n sì ń fi agbekọ́tí ṣe ìdájọ́ rẹ̀ nínú yàrá mìíràn. Wọ́n tún ń dá ìró dúró kó lè bá àwòrán mu, torí àwòrán ń pẹ́ nínú ẹ̀rọ kámẹ́rà ju ohùn lọ; bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará London á ti gbọ́ "Halelúyà" kí ẹnu pásítọ̀ tó là.